Kátákó Tí Bàbá Mi Fi Ọwọ́ Wò

Àwọn tó ń wá wo iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bàbá yìí ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń sọ fún wọn yẹn, irọ́ ni. Ọwọ́ bàbá mi ló kọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí pé ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nísinsìnyí tí ìwọ ọmọ ọmọ mi ti jókòó tì mí pẹ̀lú bírò, kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, má bi mí léèrè. Dúró. Màá padà wá.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń gbé ilẹ̀ sórí kátákó. Kì í ṣe ọ̀dà ni mo fi ń kùn ún bí àwọn tó lọ ilé ìwé ṣe ń ṣe. Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń lò, iyanrìn odò ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ orí òkè ibẹ̀, èèpo igi, òwú, pòròpórò ọkà. Bí o bá fi ojú wò ó, wàá rí òkè, wàá rí oko, wàá rí odò. Bí o bá di ojú, tí o fi ọwọ́ wò ó, wàá rí i bákan náà. Ti ọwọ́ yẹn ló ṣáájú. Ti ojú kàn tẹ̀lé e ni.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, wọ́n sì ń ka Kabba mọ́ Òkè Ọya. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń dá oko. Èmi ni ọmọ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣáájú mi, àwa méjì náà la kù fún bàbá mi. Bàbá mi sì ti fọ́jú. Kò fọ́ lọ́jọ́ kan. Ara ló kọ́kọ́ ń yún un, ó ń họra títí awọ rẹ̀ fi dà bí èèpo igi. Lẹ́yìn náà ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ní eṣinṣin odò ló ń fà á, torí àwọn tí oko wọn wà lẹ́bàá odò ló pọ̀ nínú àwọn tó fọ́jú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú lọ tán, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò lè lọ sí oko mọ́.

Oko wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Mopa. Bí èèyàn bá jí rìn, oòrùn á ti yọ kó tó débẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti oko dé, màá kí i bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa pé, "Okun o, bàbá." Á dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà á ní:

"Kí lo rí?"

"Mo rí oko, bàbá."

"Mo mọ̀ pé oko lo lọ, kì í ṣe ọjà. Báwo ló ṣe wà?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀."

"Ó wà bẹ́ẹ̀! Ó wà bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run gba ojú lọ́wọ́ mi, ó wá fi odi dípò rẹ̀."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ lẹ́nu. Bó bá ti oko dé, á sọ pé iṣu ń ta bí ìtan ọmọ tuntun, pé òwú ti là, oko funfun bí ẹni da àwọ̀sánmà sílẹ̀. Bàbá á gbọ́ ọ tán, á ní, "Ìwọ, ẹnu rẹ dùn ju iṣu lọ." Kò gbà á gbọ́ tán, èmi sì rèé, kò rí ohun tó máa gbà gbọ́ lẹ́nu mi.

Lọ́dún kan òjò ńlá rọ̀. Omi wọ́ ẹ̀bá odò, ó wó ebè. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ò wá. Ni mo bá bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú ewé, mo gbé e dé ilé, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka rà á. Ó fi díẹ̀ kan ahọ́n.

"Ẹ̀bá odò nìyí," ló wí. "Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ òkè wà nínú rẹ̀. Omi ló gbé e wá. Ṣé ó wó ebè?"

"Ó wó mẹ́ta."

Ó mi orí. "Ó dára. Ìwọ náà lè sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ewé ni mo fi ń gbé oko wá fún un. Yẹ̀pẹ̀ lónìí, èèpo ọkà lọ́la, òkúta lọ́túnla. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí i pé bó bá ti gba èyí tó gba tọ̀hún, kò mọ bí wọ́n ṣe tò tira. Ilẹ̀kùn kan wà nílé wa tó ti bàjẹ́. Mo tú kátákó kan lára rẹ̀, mo wá to yẹ̀pẹ̀ náà sí i bí wọ́n ṣe wà ní oko, òkè lókè, odò nísàlẹ̀. Yèyé mi máa ń rẹ èèpo irúgbá, èèpo tí a bá bọ́ irú kúrò nínú rẹ̀, ó máa ń fi omi rẹ̀ pa ilẹ̀ ilé kó lè le, kó má bu. Omi yẹn ni mo fi pò ó. Ó mú un gírígírí.

Bàbá fi ọwọ́ wò ó. Ó ní, "Òkè yìí ga jù. O gbé e ga torí pé o ń bẹ̀rù àtigùn ún." Ó tún ní, "Wo odò tó o ṣe. Odò kì í lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́." Mo tún un ṣe. Ó tún bá a wí. Ilé ìwé mi nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi lọ ọ́.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Amọ̀ àti òwú, iṣẹ́ obìnrin ni lọ́dọ̀ wa. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò, obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì inú ilé. Àwọn ọkùnrin á rí mi tí mo ń po amọ̀, wọ́n á ké sí àwọn obìnrin pé, "Ẹ wá kí ẹlẹgbẹ́ yín o!" Ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀ mí wò, á ní, "Àbúrò, iṣu orí kátákó yẹn ò tíì tó wà ni? Jẹ́ ká wà á, ká gún un, ebi ń pa mí." Mi ò dá a lóhùn. Bàbá ló máa ń dá a lóhùn láti inú yàrá: "Èyí tí mo jẹ lórí kátákó yẹn yó mi ju èyí tó o fi ẹnu sè fún mi lọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

Igi irúgbá kan wà ní oko wa, lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tóbi. Èèyàn mẹ́ta ló lè di ọwọ́ mú yí i ká. Ìdí rẹ̀ ni bàbá bàbá mi dúró sí nígbà tó ń pín ilẹ̀ fún bàbá mi àti àbúrò rẹ̀. Ìdí igi yẹn ló ti na ọ̀pá, tó ní láti ibí lọ sí odò, tìrẹ nìyí, láti ibí lọ sí ìhà kejì ọ̀nà, tìrẹ nìyí. Kò sí ìwé. Igi yẹn ni ìwé.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ ọ̀nà Mopa kí lọ́rì lè máa kọjá, igi náà bọ́ sí ojú ọ̀nà. Olórí àwọn lébìrà bèèrè ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi wà lóko lọ́jọ́ yẹn, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwa la ni ín. Wọ́n ní àwọn máa gé e. Ó ní kí wọ́n gé e. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi gé e. Wọ́n wú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n dáná sun ún, wọ́n yí ìtì igi náà sínú igbó.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n á gé e bí mo gbà, wọ́n á gé e bí mi ò gbà. Ṣé kí n bá ìjọba jà ni?" Mi ò wí nǹkan kan. Ó ní, "Ṣé o máa sọ fún bàbá?" Mi ò wí nǹkan kan. Ìdákẹ́ mi yẹn ni mo fi bá a mulẹ̀.

Bàbá gbọ́ nílé pé wọ́n ti fẹ ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé kò kan irúgbá mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n yà fún un, bàbá. Òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ rí i, ó ní igi ńlá ni, kí wọ́n yà fún un."

Inú bàbá mi dùn. Ó dùn ju bó ti yẹ lọ. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í sọ fún un. "Òyìnbó yà fún igi mi." Bí wọ́n bá kí i, "Okun o," á dáhùn, á sì fi kún un pé, "Ṣé o ti gbọ́? Òyìnbó yà fún igi mi." Àwọn tó gbọ́, gbogbo wọn ló ń gba ọ̀nà Mopa. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ó dára o, bàbá." Gbogbo ìlú pé lé ọkùnrin kan tí kò ríran.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ní òun fẹ́ pín ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò ní pẹ́ mọ́, òun ò sì fẹ́ kí àwa méjì fa ilẹ̀ ya lẹ́yìn òun. Ó pè mí. "Ẹsẹ̀ mi ò lè dé ìdí irúgbá mọ́," ló wí. "Gbé irúgbá wá bá mi níbí. Gbé gbogbo oko wá. Ṣe é tóbi. Láti orí kátákó ni màá ti pín in."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó, ó ń gbẹ́ ẹ̀rú ọkọ́. Mo ní, "Irúgbá ńkọ́?"

Ó ní, "Fi síbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀."

"Lórí kátákó, ohun tó o bá fi síbẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Bàbá lè kú sórí ọ̀rọ̀ igi yìí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa á?"

Mo lọ ṣe é. Kátákó méjì ni mo kàn pọ̀. Mo ṣe òkè, mo ṣe ebè pẹ̀lú okùn òwú tí mo tẹ́ sábẹ́ amọ̀, mo ṣe igbó pẹ̀lú koríko gbígbẹ. Nígbà tó kan ọ̀nà, mo fẹ́ kó pupa bí ọ̀nà ṣe pupa, kó sì dán lọ́wọ́. Yèyé mi jókòó nídìí òfì. Ọmọ Bùnú ni yèyé mi, aṣọ ìpò ló ń hun, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn ńlá. Òwú pupa rẹ̀, a kì í pa á láró. Inú aṣọ pupa tí àwọn oníṣòwò bá gbé wá ni wọ́n ti ń tú u, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Yèyé, ẹ fún mi ní òwú pupa díẹ̀. Mo fẹ́ fi ṣe ọ̀nà."

Kò yíjú. Ó ní, "Òwú ìpò lo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ohun tí bàbá rẹ máa fi ọwọ́ pa? Bàbá rẹ ti kú ni? Ṣé yẹ̀pẹ̀ ti tán nílẹ̀ ni?"

Òótọ́ ló sọ, mo lè fi yẹ̀pẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ̀ yẹn, ara tù mí. Ọ̀nà àti irúgbá ò lè wà lórí kátákó kan ṣoṣo, torí ojú ibi kan náà ni. Mo sọ fún ara mi pé yèyé ló ní kí n má ṣe ọ̀nà. Mo fi ọ̀nà sílẹ̀, mo gbé irúgbá síbẹ̀.

Irúgbá yẹn, òun ni mo ṣe dáadáa jù. Mo wọ inú igbó lọ, níbi tí wọ́n yí ìtì rẹ̀ sí, mo ṣí èèpo lára rẹ̀, èèpo tó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo fi gbé igi náà dúró lórí kátákó. Mo wò ó, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò bàbá mi wá. Òun ló gba ìhà kejì ọ̀nà nígbà tí bàbá wọn pín in, òun ló máa ṣe ẹlẹ́rìí. Òun náà mọ̀ nípa igi. Ó wo kátákó, ó wò mí, ó gbé ojú sápá kan. Yèyé mi gbé omi wá, bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni fẹ́ jẹun. Mo gbé kátákó lé e lórí itan.

Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. "Òkè nìyí. O ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó dára. Òkúta tí ejò ń gbé nìyí. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbin kọfí nìyí, kò ṣe dáadáa." Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kan odò, ó bá odò rìn. Ó gòkè padà. Ìka rẹ̀ wá kan igi náà.

"Irúgbá!" Ó rẹ́rìn-ín sókè. Ó yíjú sí ibi tó mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ wà. "Ṣé o rí i? Bàbá wa dúró níbí. Ìwọ lọ́tùn-ún, èmi lósì."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Bàbá mi ń fi ọwọ́ pa igi náà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ṣẹ́ díẹ̀ lára èèpo náà. Ó fi ìka rà á, ó gbé e sí imú.

"Ikán ti rìn níbí," ló wí.

Ó tún ṣẹ́ díẹ̀ sí i.

"Èèpo tí èèyàn bù lára igi tó dúró, líle ló máa ń le. Èyí ń tú bí àkàrà àná. Níbo lo ti mú un?"

"Lára irúgbá, bàbá."

"Irúgbá wo?"

"Irúgbá wa."

Ó tún fi ọwọ́ gba gbogbo kátákó náà, kíákíá lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀nà dà?" ló wí. "Wọ́n fẹ ọ̀nà. Òyìnbó yà fún igi mi. Bó bá yà fún un, ibo ló gbà? Fi ọwọ́ mi lé e."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì tutù látinú omi tó fi fọ̀ ọ́. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, ó ń mi orí pé kí n má sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń dákẹ́. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ìdákẹ́ náà ní ibi tó máa ń tán.

Mo ní, "Kò yà, bàbá. Wọ́n gé e. Ó ti pé ọdún kan."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi ni mo gbà kí wọ́n gé e. Ẹ má bínú sí i."

Àbúrò bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni."

Bàbá mi ní, "Ìwọ náà ń gba ibẹ̀ lọ sí oko lójoojúmọ́. Àbí o ti fọ́jú bíi tèmi?"



Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, mo mọ ẹnu rẹ tipẹ́. Ẹnu rẹ purọ́ fún mi, mo lè gbé e." Ó wá yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni mo fi ṣe ojú. O gbé òkú igi lé mi lọ́wọ́, o ní ó wà láàyè. Níbo ni kí n tún fi ara mi sí?"

Ó ní kí n gbé kátákó kúrò lórí itan òun. Ó ní a kì í pín ilẹ̀ láti ìdí irọ́. Kò pín in lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti oko dé, kò bi mí mọ́ pé kí lo rí. Á dá mi lóhùn okun, ó parí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń bà mí nínú jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo wá ń wá a kiri. Ọyẹ́ sì dé. Ikọ́ mú un. Àbúrò rẹ̀ pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bí ọkùnrin yìí bá kú láìpín ilẹ̀, tí igi ò sì sí, ẹ̀yin méjèèjì máa di ọ̀tá. Mo ti rí i lójú àwọn ẹlòmíràn." Ó ní kí n tún kátákó ṣe. Mo ní bàbá ò ní kí n tún un ṣe. Ó ní, "Ṣé ó ní kí o má tún un ṣe?"

Mo lọ sí ìdí irúgbá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e, bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo máa ń kọjú sí. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó síwájú rẹ̀. Kò sí ìtì, kò sí ẹ̀ka kankan tó hù. Kòtò ló wà níbẹ̀, eérú ti dúdú létí rẹ̀, ọ̀nà sì gba orí ìlàjì rẹ̀ kọjá. Lọ́rì kan kọjá, ó da eruku bò mí. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà. Mo wọn kòtò náà. Mo bu yẹ̀pẹ̀ pupa láti ojú ọ̀nà gan-an, mo bu eérú.

Nílé, mo fa igi náà tu lórí kátákó. Amọ̀ bá a wá, ó fi ihò sílẹ̀. Mo fẹ́ dí i kí n lè tún kòtò ṣe níbẹ̀. Mo wá rí i pé kòtò náà ti wà níbẹ̀ tán. Mo kàn fi eérú pa etí rẹ̀ ni. Ọ̀nà ni kò gbọ́ràn. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó ń ṣí kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un ṣe. Ní gbogbo ìgbà yẹn mò ń gbọ́ ikọ́ bàbá mi láti inú yàrá, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà gbẹ kó tó kú. Àdúrà tí mo gbà nìyẹn. Mi ò gba àdúrà pé kó yè.

Nígbà tí ọ̀nà náà dúró, mo gbé kátákó wọlé. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Bàbá mi dùbúlẹ̀. Yèyé gbé e jókòó, ó fi àyà rẹ̀ gbà á dúró. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ọ̀nà tààrà.

Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. "Ó gbòòrò tó báyìí?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá."

Ìka rẹ̀ bọ́ sínú ihò náà. Ó fi í síbẹ̀. Ó pẹ́. Mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó ní, "Láti ibí." Kò yọ ìka àkọ́kọ́ yẹn kúrò nínú ihò, ó fi ọwọ́ kejì pín in. Nínú ilẹ̀ tirẹ̀, ó na ọwọ́ gba apá tó bá ọ̀nà lọ, ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. "Ìwọ lo gbà wọ́n láàyè. Ìwọ ni kó o máa gbọ́ ariwo mọ́tò." Ẹ̀rín díẹ̀ wà ní ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún. Ó na ọwọ́ lọ sí ìhà odò, ó ní tèmi nìyẹn, kí n ṣọ́ra fún eṣinṣin. Ó bi àbúrò rẹ̀, "Ṣé o rí i?" Àbúrò rẹ̀ ní, "Mo rí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí i lóòótọ́."

Mo fẹ́ gbé kátákó kúrò. Ó di etí rẹ̀ mú. Ó ní, "Ó wà bẹ́ẹ̀."

Kò sọ nǹkan míràn nípa iṣẹ́ mi títí ó fi kú. Òjò àkọ́rọ̀ ò bá a láyé.

Wọn ò fi aṣọ ìpò sin ín. Kò joyè, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ìpò sin. Yèyé mi, tó ti hun ti ọ̀pọ̀ èèyàn ńlá, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọkọ rẹ̀. Kò ráhùn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn èèyàn ti lọ, ó wá bá mi níbi tí kátákó wà. Fọ́nrán òwú pupa mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní omi èèpo irúgbá. Ó tẹ́ òwú náà sójú ọ̀nà, láti etí kan dé etí kejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó lè pupa báyìí." Ó padà sídìí òfì rẹ̀.

Èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ mi. Fádà tó wá kí yèyé rí kátákó náà, ó ní kí n ṣe òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Mo ṣe é. Tíṣà kan láti Makutu ní kí n ṣe oko ìyá òun. Mo lọ sí Makutu, ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí oko náà kí n tó bu yẹ̀pẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kaduna, tí wọ́n ń wa kùsà ní Jos, bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Oko ni mo ń ṣe láàárọ̀, amọ̀ ni mò ń pò nírọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń pè mí ní ẹlẹgbẹ́ obìnrin, àwọn náà wá ń béèrè. Ọ̀gá kan wá láti Kaduna, ó ní kí n ṣe ilẹ̀ bàbá òun, kí n fi ilé páànù aláràbarà kan sáàárín rẹ̀. Mo ní mi ò rí ilé níbẹ̀. Ó ní òun máa kọ́ ọ. Mo ní bó bá kọ́ ọ, kó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Bàbá, ṣebí amọ̀ díẹ̀ lásán ni!" Mo padà sídìí amọ̀ mi. Bó ṣe ń lọ, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé orí mi ò pé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fi ohun tí kò sí sórí kátákó mọ́ láti ọjọ́ tí ìka bàbá mi ti kan èèpo yẹn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò jà sórí ilẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ò tíì jà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí ààlà wà, kátákó ni wọ́n máa ń wá wò.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi di arúgbó, ó wá sí ilé mi lọ́jọ́ kan. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú. A jẹun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ síbi tí kátákó wà. Ó wá ọ̀nà rí, ó tọ òwú yèyé lọ díẹ̀díẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò náà. Ó dúró síbẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, kò sọ nǹkan kan. Mo gbé àga sẹ́yìn rẹ̀ kó lè jókòó.